Ohùn Tàjùdéèn àti Etí Olúwọlé

Ìlara ni àrùn tó ń ṣe Olúwọlé. Bí wọ́n bá yin ẹlòmíràn lójú rẹ̀, inú rẹ̀ á máa ta bí ẹni tó jẹ ata lásán. Ẹ gbọ́ ohun tí ìlara yìí fojú rẹ̀ rí ní Ìkàtẹ́ Ẹlẹ́gùṣì. Ìtàn náà bani lẹ́rù, mi ò ní tan yín.

Olúwọlé ló dá ẹgbẹ́ Ìró Irin sílẹ̀. Orin mẹ́tákọ́ọ̀ ni wọ́n ń kọ, orin onígìtá líle tí akọrin máa ń fi gbogbo ọ̀nà ọ̀fun bú ramúramù. Bí Olúwọlé bá ti ń bú, Ràhmát tó ń lùlù fún wọn á máa fi ìlù mi ilẹ̀ tìtì. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn wẹ́dà ni wọ́n ti ń dánra wò, torí ibẹ̀ nìkan ni kò sẹ́ni tó lè sọ pé ariwo wọn pọ̀ jù. Àwo orin wọn àkọ́kọ́ jáde, àfi bíi pé àwọn wẹ́dà náà nìkan ló gbọ́ ọ.

Tàjùdéèn, ọmọ ìlú Addo tó ń ta gìtá fún wọn, wá dá àbá kan. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Wọlé, ẹ jẹ́ ká fi ohùn dídùn sí i jàre. Ẹ̀yin ẹ máa bú, èmi á máa dá orin láàárín." Ilé kéwú ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa ohùn, ohùn rẹ̀ a sì máa wọ ni lára. Olúwọlé gbà. Wọ́n ṣe àwo kejì, wọ́n pè é ní *Omi Ń Bọ̀*, nítorí òkun tó ń jẹ ilẹ̀ lọ létí Lẹ́kí. Kò pẹ́ rárá tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ fi ń kọ ọ́ ní Ajah, tí àwọn ọmọléèwé ń kọ ọ́ ní Awóyayà. Ẹgbẹ́ Ìró Irin di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká.

Ṣùgbọ́n ibi tí Tàjùdéèn ti ń dá orin ni gbogbo ayé mọ̀. "Tàjù! Tàjù!" ni ariwo tí èrò máa ń pa níbi eré. Bó bá kan Olúwọlé láti bú, wọn a lọ ra omi mu. Ẹ̀rù wá ń ba Olúwọlé pé wọ́n máa lé òun kúrò nínú ẹgbẹ́ tóun fọwọ́ ara òun dá. Ràhmát rí ojú rẹ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Wọlé, ojú ọ̀run tẹ́yẹ ẹ́ fò láìfara kanra o. Ẹ má jẹ́ kó di wàhálà."

"Ta ló ń jowú? Èmi?" Olúwọlé rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dénú.

Ọjọ́ eré ńlá kan pé létí òkun Ìkàtẹ́. Kí akọrin lè gbọ́ ara rẹ̀ láàárín ariwo, ẹ̀rọ kékeré ló máa ń kì bọ etí méjèèjì. Okùn rẹ̀ á wá lọ sínú àpótí pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi há ẹ̀yìn bẹ́líìtì. Ohun kan wà nínú àpótí náà tí kì í jẹ́ kí ariwo kọjá ohun tí etí lè gbà. Nígbà tí Tàjùdéèn lọ kírun Alásárì, Olúwọlé gbé àpótí ọmọkùnrin náà, ó pa ohun náà, ó sì yí ohùn rẹ̀ dé òpin. Ó mọ̀ pé *Omi Ń Bọ̀* ni wọn yóò fi ṣí eré, pé jẹ́jẹ́ ni Tàjùdéèn máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ìlù àti gìtá tó bú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà náà ni awọ etí ọmọkùnrin yìí yóò ya. Adití kò sì lè dá orin.

Tàjùdéèn kírun dé, ó rí iná pupa tó ń ṣẹ́jú lára àpótí Olúwọlé. Bátìrì rẹ̀ fẹ́ kú, kò sì sí òmíràn nílẹ̀. Ó sọ fún Ràhmát pé, "Èyí tó fẹ́ kú kọ́ la máa gbé fún ẹ̀gbọ́n. Gbé tèmi fún wọn, kí n lo tiwọn." Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nílé nìyẹn: èyí tó dáa, àgbà ló ni ín. Ràhmát lọ fi í há ẹ̀yìn bẹ́líìtì Olúwọlé níbi tó ti ń bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀. Olúwọlé kò bojú wẹ̀yìn.

Wọ́n gun orí ìtàgé. Olúwọlé tẹjú mọ́ Tàjùdéèn, ó ń retí ibi. Tàjùdéèn lanu. Ohùn náà wọ etí Olúwọlé, ó dún bíi pé inú agbárí rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń kọ ọ́. Ó mọ̀ pé àpótí Tàjùdéèn ló wà lẹ́yìn òun. Ó ké tòòò, "Ràhmát, dúró! Dúró!" Àwọn èrò rò pé orin ló ń kọ, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìgbà wo ni kì í ké? Ràhmát náà rò bẹ́ẹ̀. Kí ọwọ́ Olúwọlé tó dé etí láti yọ ẹ̀rọ náà, ó ti gbé ọ̀pá ìlù sókè, ó sì fi gbogbo agbára lu ìlù. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀.

Olúwọlé ṣubú lulẹ̀, ó fọwọ́ di etí méjèèjì, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó mirí. Láti ọjọ́ náà kò gbọ́ ohùn ènìyàn mọ́. Ìró tín-ín-rín kan bíi ti ẹ̀fọn ló ń gbọ́ tọ̀sán-tòru, kì í sì í dákẹ́.

Tàjùdéèn wá kí i nílé, ó ń sunkún. Ó tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù, ó fi hàn án: "Bọ̀ọ̀dá Wọlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé tèmi fún yín." Olúwọlé kò lè gba èyí mọ́ra. Ó jẹ́wọ́ gbogbo ohun tó ṣe, igbe ló sì fi ń sọ ọ́ nítorí kò gbọ́ ara rẹ̀, gbogbo àdúgbò gbọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tàjùdéèn dìde, ó kọjú sí ògiri. Olúwọlé rí i pé ó ń sọ̀rọ̀, torí èjìká rẹ̀ ń mì. Tàjùdéèn sọ ọ́ pẹ́. Ó jáde, kò wẹ̀yìn. Bóyá ó dárí jì í ni o, bóyá ó ṣẹ́ èpè lé e ni o, Olúwọlé kò mọ̀. Ó tẹ ìbéèrè ránṣẹ́ sí i títí, èsì kankan kò dé. Ẹ̀rù ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kó sùn títí di òní.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé aṣebi ń ṣe é fún ara rẹ̀, aṣerere náà ń ṣe é fún ara rẹ̀. Bí ẹnìkejì rẹ bá ní ẹ̀bùn tí o kò ní, má wá ọ̀nà láti bà á jẹ́. Igbe Olúwọlé àti ohùn Tàjùdéèn ló jọ sọ àwo yẹn di ohun tí gbogbo ayé ń gbọ́. Ìlara ni kò jẹ́ kí Olúwọlé mọ̀ pé òun náà wà níbẹ̀. Kí o sì tún mọ̀ pé bí o bá hùwà ìkà sí ọmọlúàbí, bóyá o máa ní àǹfààní láti tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n kò dájú pé wàá gbọ́ èsì rẹ̀.