Màámúùlù Mẹ́wàá Lórí Òṣùwọ̀n

Ká má purọ́, ìyá àgbà ló fọwọ́ ara rẹ̀ ba nǹkan jẹ́. Màámúùlù mẹ́wàá, bisikíìtì tí wọ́n ki dàbínù sínú, tó ṣe de ọdún Ìtúnu Àwẹ̀ ni Rudayna, ọmọ ọmọ rẹ̀, kó sílẹ̀ láti wọ̀n, kó lè fi múra ìdánwò ìṣirò ọ̀la. Bí ọmọ náà ṣe lọ mú pẹ́ńsùlù, ọ̀nà ọ̀fun ìyá àgbà dá tòló. Ó ju méjì sẹ́nu, ó fi méjì tí Umm Nizar aládùúgbò gbé wá dípò.

Ogún ọdún ló ti ń yangàn pé gíráàmù ogójì gẹ́lẹ́ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan tòun.

Rudayna wọ̀n wọ́n, ó ṣírò ààlà tí ìpíndọ́gba ìwọ̀n wọn ní láti wà láàárín rẹ̀. "Láti márùndínlógójì dé mẹ́tàlélógójì! Ó fẹ̀ jù, Màmá. Ràkúnmí lè gbabẹ̀ kọjá."

"Ogójì ṣáà wà níbẹ̀," ni ìyá àgbà wí, ó ń nu ẹnu. "Ṣé o rí i pé n kì í purọ́?"

Omi lé sójú ọmọ. "Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Bí mo bá tún fìdí rẹmi lọ́la, wọ́n á yọ mí kúrò ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì."

Ìyá àgbà nawọ́ sí méjì lára wọn. "Yọ méjì ńlá yẹn. Ti Umm Nizar ni. Mo ti jẹ tèmi."

Rudayna tún un ṣe, ó fò sókè. "Márùndínlógójì sí mẹ́tàdínlógójì péré! Mo mọ̀ ọ́n! Ogójì yín ti wó, Màmá!"

"Rọra pariwo, jàre. Ògiri létí."

"Ó ku ìbéèrè kejì, fífi tẹnì kan wé tẹlòmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọrọ mẹ́fà sí i lọ́wọ́ Umm Nizar kó pé mẹ́jọ, kí n fi wé tiyín."