Orúkọ Kẹta Tí Olè Tẹ̀

Olè ti wọ ìkànnì aránṣọ. Gbogbo àwòrán aṣọ tuntun tó fẹ́ gbé jáde, wọ́n ti gbá a mọ́ féú.

Ọkọ rẹ̀ ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn.

"Ayé le, ìyàwó mi. Fi wọ́n lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

Àbúrò rẹ̀ ò gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ṣọ́ tí mo fi sórí ìkànnì yín kì í gbàgbé. Gbogbo orúkọ tí olè bá tẹ̀ bí ọ̀rọ̀ aṣínà lẹ́nu ọ̀nà ló ń tọ́jú síbẹ̀."

Olè kọ́kọ́ tẹ orúkọ aránṣọ. Ó tẹ ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀kẹta ló ṣílẹ̀kùn.

Aránṣọ kà á.

Ọwọ́ tó ń pa á lẹ́yìn dúró.

Orúkọ tí wọ́n ti yàn fún oyún rẹ̀ tó bàjẹ́ ni.

Ẹni méjì péré ló mọ̀ ọ́n láyé.