Kí Ni Ara Ọmọ Yìí Kọ̀?

Kí ni a ti mọ̀ ná? A mọ̀ pé ohun tí ẹnì kan ń jẹ tó ń sanra, ẹlòmíràn lè fẹnu kàn án kí ètè rẹ̀ wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. A mọ̀ pé ara kì í ka orúkọ oúnjẹ. Ìrísí ló ń wò. Pùrótéènì dà bí okùn tí a ká jọ, oníkálukú pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ká a. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ ara á máa fọwọ́ wá etí àti igun rẹ̀ kiri, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn. Bí wọ́n bá ti ka ìrísí kan sí ọ̀tá, ibi yòówù kí wọ́n ti bá a pàdé, wọ́n á tú ohun ìjà inú wọn jáde, ara á sì wú.

Ìyá Ẹyẹlé mọ ìyẹn. Nọ́ọ̀sì ló ṣàlàyé fún un lọ́jọ́ kìíní, nígbà tí ojú ọmọ náà wú lẹ́yìn tó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tán. Ẹyẹlé ni wọ́n ń pe ọmọ náà nínú ilé, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ló máa ń ṣa oúnjẹ jẹ.

“Ẹ má fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Èyí tí ẹ bá ń fura sí, ẹ sè é jinná dáadáa. Iná máa ń tú okùn pùrótéènì mìíràn, ìrísí rẹ̀ á yí padà. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí iná kì í ràn.”

Alásè ni ìyá náà ní ilé oúnjẹ iléeṣẹ́ ńlá kan, kì í fi ìmọ́tótó ṣeré. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ló ra ìkòkò tuntun, ọ̀bẹ tuntun, àwo tuntun, ti ọmọ náà nìkan. Ó ń wé orí kó tó wọ ilé ìdáná, ó ń wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà bó ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́. Ó se ẹyin títí omi fi gbẹ mọ́ ọn, ó bó o fúnra rẹ̀. Ojú ọmọ náà wú. Ó se ẹja, ó yọ egungun rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ojú ọmọ náà wú.

Ó ra ìwé kékeré kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà sórí orúkọ oúnjẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín, tí ètè ọmọ náà wú kí wọ́n tó délé, ó fa ìlà sórí búrẹ́dì tó jẹ láàárọ̀.

Bàbá ọmọ náà, tó ń tún aago ṣe, ṣí ìwé náà wò, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ìyá Ẹyẹlé, ó mà ku omi àti afẹ́fẹ́.”

“Ẹ máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ṣé ẹ̀yin lẹ ń gbé e sáré lọ sílé ìwòsàn ni?”

“Ta ló ń wa ọkọ̀?”

 Ìyá lọ fọ ìkòkò tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá ilé ìwé ránṣẹ́ pè é.

“Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti gbé ọmọ yín jáde ní kíláàsì lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán tí ẹ dì fún un. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, kò ní padà wá títí dókítà á fi sọ ohun tó ń ṣe é fún wa.”

“Mà, ìdánwò tó máa gbé e wọ ilé ìwé gíga ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré!”

“Mo mọ̀. Èmi ni mo kọ́ ọmọ yín.”

Ní Sátidé, iṣẹ́ pe ìyá, ló bá gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà. Nígbà tó padà dé, èèpo ẹyin ló rí nílẹ̀.

“Màmá! Ẹyin?”

“Ẹyin ni. Ẹja tó jẹ tẹ̀ lé e ńkọ́? Ẹ fẹ́ fi ebi lu ọmọ pa. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi bọ́ ìwọ náà, o ò kú.”

Ìyá jókòó ti ọmọ náà, ó ń wo ẹnu rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nǹkan kan kò ṣe é.

“Ó máa jáde lọ́la,” ló wí.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán tí ìyá fúnra rẹ̀ ṣe, ojú ọmọ náà wú. Ìyá gbé fóònù, ó pe ìyá rẹ̀: “Ṣé ẹ rí ohun tí mo sọ?”

Ní Mọ́ńdè, wọ́n tún gbé Ẹyẹlé jáde ní kíláàsì. Ọ̀gá ilé ìwé mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó rí dókítà tó mọ̀ nípa irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Ó kán oje nǹkan oríṣiríṣi sí apá ọmọ náà lẹ́sẹẹsẹ, ó fi abẹ́rẹ́ gún ibẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wọ́n sì dúró. Ojú ibi tó kán ti ẹyin sí kò wú. Ẹja kò wú. Wàrà, ẹ̀pà, àlìkámà, kò sí èyí tó wú. Ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wú díẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn pọ́n, ó sì wú tó bọ́tìnì ẹ̀wù.

Gbogbo rẹ̀ tojú sú ìyá.

“Dókítà, kí ló kù tí mi ò ṣe? Ìkòkò rẹ̀ yàtọ̀, ọ̀bẹ rẹ̀ yàtọ̀. Láti oṣù méjì, mi ò fi ọwọ́ lásán kan ohun tó ń jẹ rí!”

Dókítà dá bíírò dúró. Ó wo ibi tó wú, ó wo ìyá.

“Oje igi rọ́bà ni mo kán síbí, ìrísí kan náà ló wà nínú rẹ̀ àti nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀, torí náà, Màmá, lálẹ́ òní, ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́ yẹn, kí ẹ fi ọwọ́ lásán bọ́ ọmọ yín.”