Ẹ Kú Iṣẹ́, Bàbá Òǹtẹ̀wé

Láràárọ̀ ni Ìbídùnní máa ń jí àwọn òǹtẹ̀wé ayé àtijọ́, àwòrán tó ń rìn tó ń sọ̀rọ̀, ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan l'Ábẹ́òkúta. Òfin tuntun ní kí wọ́n pa èyíkéyìí rẹ́ tí àlejò kankan ò bá kí títí oṣù fi parí. Èyí tó ń ta ìwé nínú wọn máa ń dápàárá, àwọn ọmọ iléèwé kì í kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Ṣówándé, àwòrán tó ń to lẹ́tà òjé tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, kì í gbójú sókè.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rẹ́rìn-ín sí wọn," Ìbídùnní bẹ̀ ẹ́. "Òní loṣù parí."

"Ṣé eyín ni mo fi ń tẹ̀wé ni?"

Omi lé ròrò sójú Ìbídùnní. Kò pẹ́ tí ọ̀gá ìjọba kan fi wọlé láti wá pa Bàbá rẹ́. Bó ṣe nawọ́ sí ẹ̀rọ tó ń darí àwọn àwòrán náà, ó rí arúgbó tó tẹ̀ sídìí iṣẹ́. Kò mọ ìgbà tó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá!"

"Àlejò ti kí i," ni ẹ̀rọ ké.

Ọ̀gá náà fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn.

Bàbá gbójú sókè. "O ṣeun, ọmọ mi. Níwọ̀n ìgbà tóo ti wà nílẹ̀, bá mi wá lẹ́tà kan tó já bọ́."

Ọ̀gá ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í rákò kiri.