Lẹ́tà Tí Mojísọ́lá Kọ Lórúkọ Ọmọ Ọlọ́mọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni títí ẹ ó fi kà á tán. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, mi ò sì ní fi pamọ́ fún yín.

1.
Obìnrin kan wà ní Riverdale, níbí ní Atlanta, Mojísọ́lá lorúkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan tí àwọn ọmọ Àméníà tó ń gbé Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ló gbà á síṣẹ́ ní ọ́fíìsì wọn ní Tucker. Ẹgbẹ́ náà ń ran àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ́wọ́ ní Àméníà lọ́hùn-ún. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àgbàlagbà kan níbí tó ń tì í lẹ́yìn, wọ́n sì máa ń kọ lẹ́tà síra wọn. Àwọn olùkọ́ á kó lẹ́tà àwọn ọmọ jọ, wọ́n á kọ ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì. Kí wá ni iṣẹ́ Mojísọ́lá? Kó tú u, kó tẹ ìtumọ̀ rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, kó fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín. Bí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì bá wà níbẹ̀, kó tètè sọ fún Seth, ọ̀gá rẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ!

2.
Ojúkòkòrò kò jẹ́ kí ìyẹn tó o. Ó tún lọ gba iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Hampton mọ́ ọn. Nígbà tí àpò lẹ́tà oṣù kìíní dé, ó jù ú sínú búùtù mọ́tò rẹ̀ láìtú, ó ní òun á ṣe é tóun bá ráyè. Ti oṣù kẹrin dé, ó jù ú lé e lórí. Ṣé ẹ rò pé ó ráyè? Nígbà tí àwọn tó ń retí lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, obìnrin yìí jókòó sínú mọ́tò, ó mú fóònù, ó ń kọ lẹ́tà lórúkọ àwọn ọmọ tí kò rí rí.

Akín, ọkọ rẹ̀, rí àwọn àpò náà lọ́jọ́ tó fẹ́ pààrọ̀ táyà.

"Mojí, what is all this? Wọn ò tíì tú u rárá!"

"Daddy Ṣìkẹ́mi, ẹ fi sílẹ̀ jàre. I have double shift today. Lẹ́tà ọmọdé ni, kí ló lè wà nínú ẹ̀?"

"O ò kà á, báwo lo ṣe wá mọ̀?"

"Ẹ jẹ́ n lọ síbi iṣẹ́ o!" Ó pa búùtù dé, ó wakọ̀ lọ.

3.
Ìyá àgbà kan wà nínú ẹgbẹ́ náà, Araksi, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Kò bímọ. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìnlá kan tó ń jẹ́ Nare ló ń tì lẹ́yìn, ní abúlé tí wọ́n bí òun fúnra rẹ̀ sí. Nínú lẹ́tà Nare tẹ́lẹ̀, ẹ ó máa ka ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ wọn àti yìnyín tó dí ọ̀nà ilé-ìwé. Lóṣù kẹjọ, lẹ́tà kan tún dé. Màmá kà á, ó tún un kà, ó gbé e wá sí ọ́fíìsì, ó sì kà á sókè níwájú Seth àti Mojísọ́lá. Gẹ̀ẹ́sì ni, àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀:

"Ẹ káàárọ̀ mà. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Ara yín ńkọ́? Àwọn ará ilé ńkọ́? Ẹ ṣé ti ìjọ́sí. Ẹ ó jẹun ọmọ. Ojú á ti àwọn ọ̀tá yín."

Màmá yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ní abúlé wa, a kì í kúnlẹ̀ kí èèyàn. Nare mọ̀ pé mi ò lọ́mọ. Mi ò sì ní ọ̀tá kankan. Ta ló kọ èyí?"

Ẹ wò ó! Ó lọ ń pa irọ́ Àméníà, ẹ̀kọ́ ilé Yorùbá ló tú u fó.

Mojísọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. "Mà, ẹ má bínú, I'm so sorry. Iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún mi."

"Àwọn lẹ́tà gidi dà?" Seth ló bi í.

"Wọ́n wà nínú mọ́tò mi."

4.
Wọ́n tú wọn. Èyí tí Nare kọ lóṣù kìíní ló kọ́kọ́ jáde:

"Màmá Araksi, ilé-ìwé ńlá kan ní Yerevan, olú-ìlú wa, ti gbà mí. Wọ́n ní kí ẹ kọ̀wé sí wọn kí oṣù karùn-ún tó parí, pé ẹ ṣì wà lẹ́yìn mi. Bí wọn ò bá gbọ́ nǹkan kan, àbúrò bàbá mi á mú mi lọ ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì."

Ti oṣù kẹrin kò gùn rárá: "Màmá, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

Seth pe olùkọ́ Nare lórí fóònù. Olùkọ́ ní email méjì lòun fi ránṣẹ́ sí Mojísọ́lá lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ilé-ìwé Yerevan ti fi ọmọ mìíràn sí àyè Nare. Láti oṣù kẹfà ló ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ní òtẹ́ẹ̀lì. Màmá bẹ olùkọ́ náà títí ó fi pe Nare fún un.

"Màmá," Nare ní, "mo rò pé ẹ ti kú ni."

"Mo wà láyé, ọmọ mi! Padà sílé-ìwé, màá kọ̀wé sí wọn lónìí."

"Àyè ò sí mọ́, Màmá. Àbúrò bàbá mi ní ìwé tí mo kà ti tó."

Ìyá àgbà náà gbé fóònù sílẹ̀, ó ń sunkún. Seth gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ Mojísọ́lá lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ gbé iṣẹ́ méjì mẹ́ta lé orí kan ṣoṣo, mi ò ní kí ẹ má wá owó o. Bills ò láàánú ẹnikẹ́ni. Àmọ́ bí apá yín ò bá ká iṣẹ́, ẹ ṣí ẹnu sọ ọ́, kí wọ́n gbé e fún ẹni tó máa ṣe é. Ẹ má fi ẹ̀bẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ṣe ẹrù inú búùtù, kí ẹ tún wá fi irọ́ bò ó. Ẹ lè bẹ ọ̀gá, kó dárí jì yín. Ta lẹ fẹ́ bẹ̀ kó dá oṣù karùn-ún padà? Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Òtítọ́ bá irọ́ Mojísọ́lá lóòótọ́, àmọ́ kí ó tó dé, Nare ti kúrò nílé-ìwé.