Òkété Jẹ Ewúro Oṣù Kan Lọ́jọ́ Kan

Ìdí iná ọyẹ́ la ti máa ń gbọ́ àlọ́ yìí lẹ́nu ìyá àgbà. Ó fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Òkété oníwàǹwára.

Láyé ọjọ́un, tí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, Ìyá Ọ̀yà a máa kó àwọn ẹran ìgbẹ́ rìn lọ sódò láràárọ̀. Ewé ewúro kan ni wọ́n ń jẹ lójúmọ́, kí ara wọn lè yá kí àwọn ọdẹ tó sungbó.

Ewé kan lónìí,
*Díẹ̀díẹ̀ ni.*
Ewé kan lọ́la,
*Díẹ̀díẹ̀ ni.*

Lọ́dún kan, oorun ni Òkété ń sùn ní tiẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ pé ọ̀la làwọn ọdẹ máa sungbó, ó já gbogbo ewúro oko jẹ, ó sì sáré lọ sódò nígbà ogún.

“Òkété, ṣé o fẹ́ kú ni?”

“Ìyá, ẹ rọra máa jẹ tiyín. Ẹ̀yìn mi lẹ ó máa wò lọ́la!”

Ilẹ̀ mọ́, iná dé. Inú ń lọ́ Òkété, orúnkún rẹ̀ kò ṣe é ká. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré kọjá. Ibi tó dùbúlẹ̀ sí náà ló ti fọwọ́ gbẹ́lẹ̀ wọlé, iná sì gbórí rẹ̀ kọjá.

Inú ihò ló wà dòní. Bí ọyẹ́ bá dé, á gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lókè, tí wọ́n ń lọ sódò, á sì máa gberin wọn nísàlẹ̀, òun nìkan.