Okùn Tí Mọ́nsúrù Sún Síwájú Ní Pápá Alùpùpù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń pe èrò jọ. Ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

1.

Mọ́nsúrù Àtàndá ń ta fóònù ní Circle nílùú Accra, ṣùgbọ́n kì í ṣe fóònù ló jẹ́ kí gbogbo àdúgbò Nima mọ̀ ọ́n. Ẹnu rẹ̀ ni. Kò gun alùpùpù rí láyé rẹ̀, àmọ́ kò sí ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi alùpùpù dárà tí ẹ ò ní bá a. Bí wọ́n bá gbé táyà iwájú sókè, tàbí tí wọ́n dìde dúró lórí rẹ̀ lórí eré, Mọ́nsúrù ni yóò ya fídíò rẹ̀, tí yóò sì máa pariwo rẹ̀ káàkiri. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣètò ìdíje ní kó kúkú máa bá àwọn polówó.

Ní ọdún 2019, wọ́n fa ìdíje ńlá kan lé e lọ́wọ́, ní ọjọ́ kejì Iléyá, ní pápá kan nítòsí Lapaz. Usamah, ọmọ àdúgbò wọn, ni yóò fi alùpùpù fo ọkọ̀ akérò trotro mẹ́ta tí wọ́n tò ti ara wọn.

Mọ́nsúrù ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, Sẹ̀kínátù. Òun ló tọ́ ọ nígbà tí ìyá wọn kú. Mọ́nsúrù lọ bá a nílé.

"Àǹtí, ẹ wá wò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ ò tíì dé ibi tí wọ́n ti ń pe orúkọ mi rí."

"Ariwo yẹn máa ń já mi láyà, Mọ́nsúrù."

"Ṣebí èmi náà wà níbẹ̀. Kí ló máa ṣe yín?"

Sẹ̀kínátù rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á wá.

2.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Abena ni wọ́n ní kó mójú tó ààbò àwọn òǹwòran. Láti àárọ̀ ló ti fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀. Ogójì ìṣísẹ̀ sí ibi tí alùpùpù yóò balẹ̀ ló ta okùn sí, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀.

Èrò dé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Mọ́nsúrù gbé fóònù rẹ̀ sókè, ilẹ̀ pupa lásán ló kún ojú rẹ̀, àwọn èèyàn wá dà bí èèrà lọ́nà jíjìn. Inú rẹ̀ ò dùn. Kí ni wọn yóò wí nípa òun tí wọ́n bá rí fídíò yìí? Ó fa àwọn igi okùn náà tu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì sún un síwájú títí ó fi ku ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Abena sáré dé. "Mọ́nsúrù, mepa wo kyɛw, mo bẹ̀ ọ́, dá okùn yẹn padà. Alùpùpù kì í sọ ibi tó ń lọ féèyàn."

"Sister Abena, ìbẹ̀rù kọ́ ní í kún pápá."

"Tó bá yà ńkọ́?"

"Usamah kì í yà."

Usamah fúnra rẹ̀ wá bá a, akoto lọ́wọ́. "Bọ̀dá, àwọn èèyàn yìí ti sún mọ́ ibi tí mo máa balẹ̀ jù."

"Àbí ẹ̀rù ti ń bà ọ́ lójú gbogbo Accra?"

Usamah wo ilẹ̀. Ó dé akoto rẹ̀, ó sì lọ.

Bí Mọ́nsúrù ṣe yíjú padà ló rí Sẹ̀kínátù lẹ́nu ọ̀nà pápá. Ó gba àga oníke kan, ó gbé e sí iwájú pátápátá, ó fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó.

3.

Usamah fo ọkọ̀ kan, ó balẹ̀ ire. Ó fo méjì. Lọ́tẹ̀ yìí, iyanrìn tí táyà tú sókè ba àwọn tó wà níwájú lójú. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í tì wọ́n.

Mọ́nsúrù rí i pé okùn náà ti ń tẹ̀ wọnú pápá. Ọwọ́ rẹ̀ ni máíìkì wà, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni: "Ẹ sún sẹ́yìn." Ó la ẹnu. Ó tún bojú wo fóònù, ó rí i pé àwọn tó ń wo fídíò rẹ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára ń pọ̀ sí i ni. Ó sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Lẹ́yìn eléyìí, màá sọ fún wọn."

Usamah ti ń bọ̀. Ó gun orí pákó gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó gbéra, ó fo ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ni táyà iwájú fi balẹ̀. Alùpùpù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi ara wọ́lẹ̀ lọ, okùn ò dá a dúró. Nígbà tí Mọ́nsúrù yóò fi rí nǹkan kan, eruku ti bo ibi tí àga ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà.

4.

Èèyàn mẹ́rin ló fara gbọgbẹ́. Ọlọ́run ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú. Egungun èjìká Usamah fọ́, kò sì gun alùpùpù mọ́ láti ọjọ́ náà. Ní ti Sẹ̀kínátù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n gé láti orúnkún.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni Mọ́nsúrù fi ń sọ káàkiri pé èrò ló ti okùn. Oúnjẹ ò lọ, oorun ò wá. Bí fóònù bá dún, á ta gìrì. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ilé ìwòsàn.

"Àǹtí, èmi ni mo sún okùn yẹn."

"Mo mọ̀," Sẹ̀kínátù dáhùn. "Mo rí ọ láti ẹnu ọ̀nà nígbà tí ò ń sún un."

"Ẹ rí mi? Kí ló dé tí ẹ tún fi jókòó síbẹ̀?"

"Ìwọ lo gbé àga fún mi. Mo mọ̀ pé ìwọ ò lè gbé mi síbi ewu."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ̀yin tí ẹ ń pe èrò jọ, ì báà ṣe eré, ì báà ṣe wáàsí, ì báà ṣe ìnáwó, ẹ gbọ́ mi o. Ẹni tó bá gbọ́ ìpè yín tó sì jáde nílé ti fi ẹ̀mí rẹ̀ lé yín lọ́wọ́. Bí ẹni tó mọṣẹ́ bá ní ẹ dá okùn padà, ẹ dá a padà. Bí máíìkì bá wà lọ́wọ́ yín tí ẹ rí ewu, ẹ sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de "lẹ́yìn eléyìí." Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bà.